Ìgbòkun, Dísẹ́ẹ̀lì àti Bátìrì: Àgbéyẹ̀wò Bí Ẹ̀rọ Oníná Ṣe Padà Sínú Ọkọ̀ Onígbòkun Kékeré

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà ò tọ́ lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ òwe yìí. Síbẹ̀, bí a bá dé iwájú kíláàsì láti kọ́ni ní ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣe ni a máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. A ó fa ìlà gbọọrọ kan sójú pátákó. A ó kọ àjẹ̀ àti ọ̀pá sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìgbòkun yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ olóoru omi yóò tẹ̀ lé ìgbòkun, bẹntiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì yóò tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná yóò sì wà ní ìparí ìlà náà gẹ́gẹ́ bí àbíkẹ́yìn gbogbo wọn.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni àwa náà fà ní sáà kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè. Ó ní òun wo fíìmù kan nípa ọkùnrin òyìnbó kan tó tú ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì jáde nínú ọkọ̀ onígbòkun kékeré tó ní, tó sì fi ẹ̀rọ oníná àti bátìrì rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ya akẹ́kọ̀ọ́ yìí lẹ́nu ni pé ọkùnrin náà sọ pé òun kò dá àṣà tuntun kankan sílẹ̀, pé ọkọ̀ oníná ti wà lórí odò kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì. Ó bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ló wá ṣáájú?" A kò rí ìdáhùn gidi fún un lọ́jọ́ náà. A ní kó jẹ́ kí a lọ wò ó.

Àbọ̀ wíwò náà ni àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí a rí nínú ìtàn náà ni pé ẹ̀rọ oníná fúnra rẹ̀ kò kùnà lórí omi rárá ní àtijọ́. Ohun tí ó gbé agbára rẹ̀ dání, èyí tí í ṣe bátìrì, ló kùnà. Nígbà tí bátìrì sì yí padà, ọkọ̀ onígbòkun kékeré wà lára àwọn ibi tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ rí àyè padà sí, nítorí pé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá, olùrànlọ́wọ́ lásán ni ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ méjì yé òǹkàwé kí a tó tẹ̀síwájú. Nígbà tí a bá sọ pé "ẹ̀rọ oníná" nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí ni a ní lọ́kàn. A kò pè é ní mọ́tò, nítorí pé ọkọ̀ ojú títì ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. "Ọkọ̀ onígbòkun kékeré" ni èyí tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà 10 lọ, tí ó ní òpó àti aṣọ ìgbòkun, tí ó sì tún ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú ikùn rẹ̀ tí atukọ̀ máa ń tàn bí ó bá ń jáde ní èbúté, bí ó bá ń wọlé, tàbí bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ tí kò fẹ́ mọ́.

Odò Neva, 1838

Ẹni tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Moritz Jacobi, ọmọ Jámánì tí a bí ní ìlú Potsdam ní 1801, ṣùgbọ́n tí ó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1834 ni ó ṣe ẹ̀rọ oníná kan tí ó ń yí bíríbírí. Ọba Nicholas Kìíní ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì fi owó sí i kí Jacobi lè wò ó bóyá ẹ̀rọ náà lè ti ọkọ̀ ojú omi. Ìgbìmọ̀ kan ni a yàn láti bójú tó iṣẹ́ náà, ẹni tó sì ṣe alága rẹ̀ ni ọ̀gágun ojú omi Krusenstern, tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ọkọ̀ onígbòkun yí gbogbo ayé ká rí. Ó wù wá kí òǹkàwé fiyè sí èyí. Àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìgbòkun ni ó jókòó láti ṣe ìdájọ́ ẹ̀rọ oníná àkọ́kọ́ lórí omi.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1838, ọkọ̀ Jacobi rìn lórí odò Neva ní ìlú Saint Petersburg, àwọn èrò sì wà nínú rẹ̀. Awẹ́ bátìrì tó lé ní 300 ni ó kó sínú ọkọ̀ náà. Pẹ̀lú gbogbo ẹrù bátìrì yìí, ìrìn rẹ̀ kò tó ti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó pààrọ̀ bátìrì náà sí èyí tó lágbára jù, ọkọ̀ sì yára ju ti ìṣáájú lọ. Jacobi kọ lẹ́tà sí Michael Faraday ní ìlú London láti ròyìn àṣeyọrí yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú bátìrì náà. Bátìrì ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí a lè fi iná kún. Irin síńkì tó wà nínú rẹ̀ ni ásíìdì máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìjẹ yìí ló sì ń bí iná. Bí síńkì bá tán, a ó ra òmíràn. Lọ́rọ̀ kan, síńkì ni epo ọkọ̀ Jacobi, ó sì wọ́n ju èédú lọ fíìfíì. Ní àwọn ọdún 1840, James Joule, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Manchester, ṣe ìṣirò iye iṣẹ́ tí ìwọ̀n síńkì kan lè ṣe, ó fi wé iye tí ìwọ̀n èédú kan náà lè ṣe nínú ẹ̀rọ olóoru omi, ó sì rí i pé síńkì kò lè bá èédú díje láé. Ìṣirò yìí ló pa ọkọ̀ Jacobi. Ọkọ̀ náà kò rì, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì kọṣẹ́.

Seine, Thames àti Chicago

Ọdún 1859 ni Gaston Planté, ará Faransé, ṣe bátìrì onílẹ́ẹ̀dì, ìyẹn bátìrì olójé tí a ṣì ń lò nínú mọ́tò títí di òní. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè fi iná kún un lẹ́yìn tó bá tán, kí a tún lò ó. Ní 1881, Camille Faure tún un ṣe kí ó lè gba iná púpọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

Ní ọdún 1881 yìí kan náà, Gustave Trouvé gbé ọkọ̀ kékeré kan sórí odò Seine ní Paris. Ara ìtọ́kọ̀ ni ó so ẹ̀rọ oníná rẹ̀ mọ́, tí a lè gbé e kúrò bí a bá fẹ́. Ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ wa ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ wọn lónìí, baba ńlá rẹ̀ nìyẹn, iná ni ó sì ń lò, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ní 1882, ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Electricity, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25, gbé ènìyàn mẹ́rin láti Millwall lọ sókè odò Thames, bátìrì tí a ń fi iná kún sì ni ó ń lò. Ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà ni Anthony Reckenzaun. Ọkùnrin yìí kan náà ló fi ọkọ̀ rẹ̀ mìíràn, Volta, sọdá òkun láti Dover dé Calais, tó sì padà ní 1886, láìfi iná kún bátìrì lójú ọ̀nà. Wọ́n ròyìn pé ọkọ̀ náà dákẹ́ rọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi ọwọ́ mú ẹyẹ òkun kan tó ń sùn lórí omi. Bí àsọdùn bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó fi ohun tó jọ àwọn ènìyàn lójú hàn wá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni.

Láti 1888 sí 1889, ilé iṣẹ́ Moritz Immisch bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ oníná ránṣẹ́ sórí Thames, wọ́n sì ṣe àwọn ibi tí ọkọ̀ ti lè gba iná sí ẹ̀bá odò. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀, a ó sì padà sí i. Ní Chicago ní 1893, níbi àfihàn ńlá àgbáyé, ọkọ̀ oníná tó lé ní 50, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, gbé àwọn èrò tó ju mílíọ̀nù kan lọ káàkiri orí omi ibẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà.

Ìtàn kan wà tí a kò lè ṣàì sọ níhìn-ín. Ní 1886, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ̀rọ bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ ojú omi kan lórí odò Neckar ní Jámánì. Ẹ̀rù bẹntiróòlù ń ba àwọn ènìyàn, wọ́n gbà pé yóò bú gbàmù mọ́ àwọn lára. Ohun tí wọ́n sọ pé Daimler ṣe ni pé ó ta wáyà káàkiri ara ọkọ̀ náà kí ó lè jọ pé iná mànàmáná ló ń wà á. Ìgbà kan wà, nígbà náà, tí ẹ̀rọ epo ní láti wọ aṣọ ẹ̀rọ oníná kí ọmọ aráyé tó gbà láti wọ inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ èyí kò tún ní gbà pé ọ̀nà tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ń tọ̀ gún régé.

Bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe gba ipò

Rudolf Diesel, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Jámánì tí wọ́n sì bí sí Paris ní 1858, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní 1893. Ní 1897, ní ìlú Augsburg, ẹ̀rọ náà sọ bíi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó wà nínú epo di iṣẹ́. Ẹ̀rọ olóoru omi ìgbà náà kò súnmọ́ ọ rárá. Ní 1903 ni dísẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan ní Faransé, èkejì ní Rọ́ṣíà. Èyí ti Rọ́ṣíà, Vandal, yẹ fún àkíyèsí: ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń ṣe iná jáde, iná yìí ló sì ń yí abẹ̀bẹ̀ irin ìdí ọkọ̀. Ìyẹn ni pé ní ọjọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì wọ ọkọ̀ ojú omi, àti òun àti ẹ̀rọ oníná ni wọ́n jọ wọlé. Ní 1912, ọkọ̀ Selandia ti ilẹ̀ Denmark fi dísẹ́ẹ̀lì la òkun ńlá já.

Ọkọ̀ ńlá ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ náà tó kéré tó ohun tó lè wọ inú ọkọ̀ onígbòkun kékeré. Ní 1933, Magokichi Yamaoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tó dá ilé iṣẹ́ Yanmar sílẹ̀, ṣe ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan jáde tó ṣe é lò fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ṣáájú ìgbà náà àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, bẹntiróòlù ni àwọn ọlọ́kọ̀ onígbòkun ń lò. Ewu rẹ̀ kò sì kéré. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò ti sí ojú fèrèsé, ìṣáná ẹyọ kan sì tó láti sọ ọkọ̀ àti èrò di eérú. Dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàbò ọkọ̀ ló jẹ́ kí àwọn atukọ̀ yan dísẹ́ẹ̀lì láàyò, bí ó tilẹ̀ wúwo, tó ń pariwo, tó sì ń rùn. Ẹni tó bá ń bú àwọn tó fi dísẹ́ẹ̀lì sínú ọkọ̀ wọn ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá kò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ oníná parẹ́ lórí omi. Inú ọkọ̀ abẹ́ omi ti ológun ni ó fara pamọ́ sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá rì sísàlẹ̀, tí kò sí afẹ́fẹ́ tí dísẹ́ẹ̀lì yóò mí, bátìrì ló ń gbé e. Ní adágún Königssee ní gúúsù Jámánì pẹ̀lú, láti 1909 ni ọkọ̀ oníná ti ń gbé èrò, wọn kò sì fi epo rọ́pò rẹ̀ títí di òní. Adágún náà kéré, ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn, ibi tí ọkọ̀ ti ń gba iná lálẹ́ sì wà nítòsí. Níbi tí àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí bá ti pé, ẹ̀rọ oníná kò kùnà rí.

Ohun tó yí padà nínú bátìrì

Dísẹ́ẹ̀lì lítà kan ní agbára bíi kílówáàtì-wákàtí 10 nínú, kò sì wúwo tó kílógíráàmù kan. Bátìrì olójé tó wúwo ní kílógíráàmù kan kò ní ju wáàtì-wákàtí 30 sí 40 lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ lò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ kí a má baà ba bátìrì náà jẹ́. Àwọn tó ní inverter nílé mọ ohun tí à ń wí. Nínú àlàfo tó wà láàárín òǹkà méjì yìí ni ọkọ̀ oníná ti kú.

Ní 1980, John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ṣe àwárí ohun èlò kan tó jẹ́ kí bátìrì lithium ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1991 fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a ń gbé lọ́wọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn tó ń bá Goodenough ṣiṣẹ́ ní Texas tún rí irú mìíràn tó ní irin àti phosphate nínú, èyí tí kì í tètè gbiná. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Goodenough, Whittingham àti Yoshino, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ lithium ní 2019. Bátìrì lithium onírin yìí lè gba wáàtì-wákàtí 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kílógíráàmù kan, a sì lè lo bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìbà á jẹ́. Kò tíì tó dísẹ́ẹ̀lì rárá. Ṣùgbọ́n ó ti tó fún ẹni tí kò lọ jìnnà.

Ní 2005 ni a dá ilé iṣẹ́ Torqeedo sílẹ̀ ní ìlú Starnberg ní Jámánì láti máa ṣe ẹ̀rọ oníná fún ọkọ̀ ojú omi. Ní 2015, ilẹ̀ Norway gbé Ampere sórí omi, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò 120 sọdá láàárín Lavik àti Oppedal pẹ̀lú bátìrì nìkan. Ibùdókọ̀ méjèèjì ló ti ń gba iná, omi tó ń ṣàn láti orí òkè ló sì ń ṣe iná náà jáde. Ètò Immisch lórí Thames ni Norway tún gbé yọ lẹ́yìn ọdún tó lé ní 120.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ onígbòkun

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ọkùnrin inú fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe. Ká mú ọkọ̀ onígbòkun kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8, tó wúwo ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ohun àkọ́kọ́ ni yíyọ. Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì yóò jáde pẹ̀lú táǹkì epo rẹ̀, páìpù èéfín rẹ̀, àti páìpù tó ń fa omi òkun wọlé láti tu ẹ̀rọ lára. Ihò tí àwọn páìpù wọ̀nyí gbà wọ ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dí pátápátá, nítorí pé ihò tí kò ní iṣẹ́ mọ́ nínú ọkọ̀, ọ̀nà ikú ni. Lẹ́yìn náà ni fífọ epo àti ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ kúrò ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí kì í gbàgbé apá yìí.

Ọ̀pá irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ sábà máa ń dúró síbi tó wà. Ẹ̀rọ oníná yóò jókòó sí orí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kan náà gẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa gbọ̀n, yóò sì jẹ ara rẹ̀. Iná tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni fóòtì 48. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: bí a bá fẹ́ kílówáàtì 6 láti inú bátìrì fóòtì 12, áńpìà 500 ni yóò gba inú wáyà kọjá, wáyà náà yóò sì nípọn jù, nínú fóòtì 48, áńpìà 125 ni. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣọ́ awẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú, kí èyíkéyìí nínú wọn má baà kún jù tàbí gbẹ jù. Omi iyọ̀ àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni apá yìí, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi dánra wò.

Kílówáàtì 6 yìí lè dà bí ohun tó kéré sí ẹni tó yọ ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì kílówáàtì 12 tàbí 15. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníná máa ń fúnni ní agbára ìyípo rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì ní láti kọ́kọ́ sáré kí ó tó lágbára. Yàtọ̀ sí èyí, omi fúnra rẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ onímítà 8 kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá kìlómítà 12 láàárín wákàtí kan bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi tó, nítorí ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ ni yóò máa gùn bí ẹni gun òkè.

Níbi ìṣirò ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Agbára tí ọkọ̀ ń béèrè máa ń pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ bá pọ̀, ìpọ̀sí náà kì í sì í ṣe ọgbọọgba. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yóò di bíi ìlọ́po mẹ́jọ. Ká ní kílówáàtì 1.5 ni ọkọ̀ wa nílò láti rin kìlómítà 7 láàárín wákàtí kan. Láti rin kìlómítà 10, yóò gba bíi kílówáàtì 4.4. Bátìrì kílówáàtì-wákàtí 10, tí a lè lo 8 nínú rẹ̀, yóò gbé e fún wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ ní ìrìn jẹ́jẹ́, ìyẹn bíi kìlómítà 37. Bí atukọ̀ bá kánjú, kò ní tó wákàtí méjì, kò sì ní ju kìlómítà 18 lọ. Táǹkì dísẹ́ẹ̀lì lítà 40 nínú ọkọ̀ kan náà lè gbé e ju kìlómítà 250 lọ. Olùkọ́ ìṣirò tó bá ń wá àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, èyí rè é.

Kí ló wá fà á tí ẹni tó ní orí pípé fi lè ṣe irú pàṣípààrọ̀ báyìí? Nítorí pé kò fi ẹ̀rọ lọ jìnnà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń jáde lọ́jọ́ Sátidé, tó ń tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 20 láti kúrò ní èbúté, tó ta ìgbòkun rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó sì tún tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 20 láti wọlé, kò lo ju kílówáàtì-wákàtí kan tàbí méjì lọ. Páálì sola onígba wáàtì méjì lórí ọkọ̀ lè dá iye yẹn padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Yúróòpù, ọkọ̀ náà yóò sì dúró sí èbúté láti Àìkú dé Ẹtì. Dísẹ́ẹ̀lì gan-an kò fẹ́ irú ìlò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a sì ń pa kó tó gbóná dáadáa tètè máa ń kó èédú sínú. Àǹfààní mìíràn tún wà: bí ìgbòkun bá ń fa ọkọ̀, omi lè máa yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀, kí ẹ̀rọ náà máa dá iná padà sínú bátìrì. Àwọn tó ń tà á máa ń pariwo èyí jù. Nínú ọkọ̀ kékeré, iná tí ń wọlé lọ́nà yìí kò pọ̀, ó sì ń dín eré ọkọ̀ kù, nítorí kò sí ohun tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ omi.

Ní ti èrò tiwa, àyípadà yìí tọ́ fún ẹni tí afẹ́fẹ́ ń ṣe iṣẹ́ fún. Kò tọ́ fún ẹni tó ń kọjú sí ìgbì àti ìjì fún wákàtí mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀rọ nìkan, nítorí bátìrì tó tán lójú òkun kò ní lítà márùn-ún tí ẹlòmíràn lè fi ta á lọ́rẹ. Owó rẹ̀ pẹ̀lú ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yúrò, owó tí yóò ra dísẹ́ẹ̀lì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é, ìgbà tí ẹ̀rọ wọn àtijọ́ kú tí wọ́n sì ní láti náwó lọ́nàkọnà ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn mìíràn, òfin ló ń tì wọ́n. Láti 2025, ìlú Amsterdam kò fẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń tú èéfín mọ́ nínú àwọn odò àárín ìlú rẹ̀.

Ọ̀sà tiwa àti pátákó wa

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè nípa Èkó, wọ́n sì jàre. Ní 2025, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ètò kan tí wọ́n pè ní Omi Èkó, tí ọkọ̀ akérò oníná wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti Yúróòpù. Ọkọ̀ akérò kì í ṣe ọkọ̀ onígbòkun. Kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ gba iná. Ìbéèrè Immisch ni yóò kọ́kọ́ kàn án: níbo ni ọkọ̀ yóò ti gba iná, ṣé iná náà yóò sì wà nígbà tí ọkọ̀ bá dé? Ní ìlú tí ilé ìwòsàn pàápàá ń gbé ara lé jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kí a yọ dísẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ọkọ̀, kí a sì rí i pé etí omi ni a gbé e sí.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀sà yìí kan náà, àwọn apẹja Makoko ṣì wà tí wọ́n ń fi àpò tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. A máa ń rí wọn láti orí afárá ńlá nígbà tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá mú wa. Nínú ìlà tí a fà sójú pátákó, ipò kejì ni wọ́n wà, ipò tó yẹ kó ti kọjá lọ láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí a bá fi ọ̀nà ìṣirò tó wà lókè yìí wò ó, àwọn ni ẹ̀rọ oníná kékeré kan àti páálì sola ẹyọ kan bá mu jù lórí gbogbo omi náà, nítorí pé wọ́n ti ní ìgbòkun lọ́wọ́.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà padà wá gba ìdáhùn rẹ̀, a sọ fún un pé ẹ̀rọ oníná fi ọdún 65 ṣáájú dísẹ́ẹ̀lì lórí omi. Ó rẹ́rìn-ín. A ní kó wá pa ìlà ojú pátákó náà rẹ́. Àtẹ ni a yà dípò rẹ̀, a kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ sí apá òsì, a sì kọ ìbéèrè mẹ́ta sókè: báwo ni ọ̀nà ṣe jìn tó, kí ló gbé agbára dání, níbo ni a ti ń kún un? Wákàtí méjì ni kíláàsì fi jiyàn lórí ohun tó yẹ kí a kọ sí iwájú ìgbòkun.